Mílímítà-wéèfù láìná owó rẹpẹtẹ: fílítà kan ṣoṣo, oríṣiríṣi ọ̀nà láti wọ̀n ọ́n, èwo ló tó yín?

Fílítà kékeré kan ló wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò gùn ju ìka mi lọ, wọ́n fi góòlù kùn ún, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí sígínà tó wà láàárín 71 sí 76 GHz kọjá, kó sì dí èyí tó wà láàárín 81 sí 86 GHz lọ́nà. Irú ẹ̀ ló máa ń wà nínú rédíò E-band, àwọn abọ́ kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń so mọ́ orí òpó kí wọ́n má baà gbẹ́ ilẹ̀ fún fáíbà. Ẹni tó gbé e wá fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta: dB (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka bí sígínà ṣe dín kù tó) mélòó ló ń sọnù nínú ẹ̀, dB mélòó ló ń dí ní apá tó yẹ kó dí, àti pé nínú ohun tá a bá rán sí i lẹ́nu, mélòó ló ń kọ̀ tó ń dá padà. Ìbéèrè mẹ́ta péré o. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ bá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ fún yín ni VNA ńlá (ẹ̀rọ tó ń rán sígínà sínú nǹkan, tó sì ń wọn ohun tó kọjá àti ohun tó padà) pẹ̀lú extender méjì, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ sì máa ń ju $100,000 lọ dáadáa.

Èmi ò sọ pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa, ó dáa, òun náà la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn ló yẹ kó sọ irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa rà, kì í ṣe nọ́ńbà GHz tó wà lára nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Torí náà fílítà yìí kan náà ni mo máa gbé lọ sórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sọ fún yín àti ibi tó ti máa tàn yín jẹ.

Kí ló tiẹ̀ ń gbówó lórí?

Ní 75 GHz, ìgbì kan ṣoṣo ò ju mílímítà 4 lọ. Ìyẹn ni pé tí kébù yín bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà yí padà, phase, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú yíyí ẹ̀, ti yí ní dìgírì 9 nìyẹn, tó bá sì jẹ́ sígínà tó lọ tó tún padà lẹ ń wò, ó ti di 18. Kébù ò gbọ́dọ̀ mira, yàrá ò gbọ́dọ̀ gbóná sókè sódò, kọnẹ́ktọ̀ náà á wá kéré bí abẹ́rẹ́: èyí tí wọ́n ń pè ní 2.92 mm máa gbé yín dé 40 GHz, 1.85 mm máa gbé yín dé 67, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé 110 GHz, 1.0 mm ni, ìwọ̀nba 0.45 N·m sì ni wọ́n fi ń dè é. Tọ́wọ́ bá le díẹ̀ báyìí, owó ńlá ti lọ.

Ẹ wá wò ó, púpọ̀ nínú wàhálà yìí, phase ló fà á. Ẹni tí kò nílò phase lè ti jáwọ́ nínú ìdajì owó yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín nìyẹn. Fílítà tó wà lọ́wọ́ mi yìí, nínú nǹkan mẹ́ta tí oníǹkan fẹ́ mọ̀, kò sí phase níbẹ̀.

VNA ẹlẹ́nu méjì pẹ̀lú extender méjì, àti èyí tó ń wo apá kan ṣoṣo

Extender jẹ́ àpótí kan tó máa ń gba sígínà kékeré látọ̀dọ̀ VNA, á sọ ọ́ di púpọ̀, nígbà púpọ̀ ní ìlọ́po 6, á wá gbé e jáde lẹ́nu waveguide, ìyẹn páìpù onígun mẹ́rin tí ìgbì ń gbà kọjá. Fílítà mi, WR-12 ni (orúkọ ìwọ̀n waveguide nìyẹn), 60 sí 90 GHz, inú ihò ẹ̀ jẹ́ 3.10 mm sí 1.55 mm. Tẹ́ ẹ bá ní extender méjì tó pé, ẹ̀ ń rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú àti ẹ̀yìn, phase àti ìwọ̀n, ohun tẹ́ ẹ sì lè rí sísàlẹ̀ lè ju 100 dB lọ. Fílítà tó ń dí 60 dB, eré ọmọdé ni fún un.

Èyí tó ń wo apá kan yàtọ̀ báyìí: extender kan ló ń rán tó tún ń gbà, èkejì ń gbà nìkan ni. Owó ẹ̀ wálẹ̀ torí pé èkejì yẹn ò ní apá tó ń rán sígínà nínú rárá. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni pé ẹ ò lè rí ojú kejì fílítà àfi kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ tún dè é. Fílítà ò mọ iwájú yàtọ̀ sẹ́yìn ní ti ohun tó ń gbà á kọjá, torí náà ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń wọn amplifier ló máa ro ó dáadáa.

Àmọ́ ewu kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún èèyàn. Ẹnu extender tó ń gbà nìkan yẹn, òun náà ń dá sígínà díẹ̀ padà, ẹ̀rọ ò sì lè yọ àṣìṣe yẹn kúrò pátápátá bí ẹlẹ́nu méjì ṣe máa yọ ọ́. Ká ní ó ń dá a padà ní ìwọ̀n 10 dB (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tó ń padà ń kéré sí i), tí fílítà yín gan-an sì jẹ́ 20 dB, ohun tó ń bọ̀ látẹ̀yìn máa bo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn, kò sì wọ́n: ẹ fi attenuator 10 dB tó dáa (ohun tó ń dín agbára sígínà kù) sáàárín. Lílọ 10, bíbọ̀ 10, ohun tó ń padà wá ti di 30 dB, èyí tó yẹ kó jẹ́ 20 á wá máa wà láàárín nǹkan bí 17.6 sí 23.3. Tó bá jẹ́ ohun tó ń dá padà nìkan lẹ fẹ́ wò, ẹ má tiẹ̀ so extender kejì mọ́ ọn rárá, load waveguide tó dáa (ohun tó ń gbé sígínà mì láìdá a padà) ni kẹ́ ẹ dè sí ìdí fílítà náà, ó parí.

Láàárín méjèèjì, fún fílítà, antenna, coupler (ohun tó ń bu díẹ̀ nínú sígínà tó ń kọjá), páìpù, gbogbo ohun tí kò ní iná nínú, èyí tó ń wo apá kan ni màá mú, màá sì fi owó tó kù ra ohun èlò kálíbréṣọ̀n, ìyẹn ohun tí a fi ń yọ àṣìṣe ẹ̀rọ kúrò.

Ditẹ́ktọ̀ lásán, àti ibi tó ti purọ́ fún mi

Èyí ló rọjú jù, òun náà ni mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù torí pé àwọn èèyàn máa ń fojú di í. Kí VNA tó pọ̀ káàkiri, scalar analyzer bíi HP 8757 ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí: orísun sígínà kan, coupler kan, ditẹ́ktọ̀ dáódù méjì. Ditẹ́ktọ̀ ń ka agbára nìkan, kò mọ phase. Lónìí ẹ lè tò ó fúnra yín. Pátákó synthesizer (ohun tó ń pèsè sígínà) tó ní chip LMX2594 lára máa gbé yín dé 15 GHz, fílítà mi sì nílò 11.8 sí 14.4 GHz péré kẹ́ ẹ tó fi multiplier ìlọ́po 6 gbé e dé 71 sí 86. Ditẹ́ktọ̀, multiplier àti coupler tòkunbọ̀ wà káàkiri lórí eBay fún ẹni tó bá ní sùúrù.

Ó dáa. Mo tò ó, mo wọn fílítà. Ohun tó ń sọnù láàárín 71 sí 76 bá ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Mo gùn ún lọ sókè sí 81, 82, 83, gbogbo ẹ̀ lọ sílẹ̀ títí ditẹ́ktọ̀ ò fi rí nǹkan kan mọ́. Bí mo ṣe dé 85 GHz lọ, sígínà bá tún yọjú! Bí òkè kékeré báyìí, bíi pé fílítà ò dí ju nǹkan bí 25 dB lọ níbẹ̀. Ó gbà mí ní odidi ọjọ́ kan, mo tú fílítà palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tún un dè, mo ti ń rò ó pé bóyá ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ṣe àṣìṣe.

Fílítà ò ní ẹ̀bi kankan. Multiplier ìlọ́po 6 kì í mú ìlọ́po 6 nìkan jáde, ó máa ń mú ìlọ́po 5 àti 7 jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tí mo gbé synthesizer dé 14.2 GHz kí n lè rí 85.2 GHz, ìlọ́po 5 ẹ̀ jẹ́ 71 GHz géérégé, ibi tí fílítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí nǹkan kọjá gan-an! Ditẹ́ktọ̀ sì ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé, kò béèrè pé 71 ni àbí 85. Ohun tó sọ fún mi kì í ṣe nípa fílítà, nípa multiplier ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn: tẹ́ ẹ bá máa fi ditẹ́ktọ̀ wọn ohun tó ń dí sígínà, ẹ kọ́kọ́ fi bírò ṣírò ìlọ́po 5 àti 7 síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ohun kejì ni coupler. Agbára coupler láti ya sígínà tó ń lọ kúrò lára èyí tó ń bọ̀, ìyẹn directivity, òun ló máa sọ bóyá nọ́ńbà yín ṣeé gbàgbọ́. Tí directivity bá jẹ́ 20 dB, tí fílítà náà sì jẹ́ 20 dB, ohun tẹ́ ẹ máa kà lè wà níbikíbi láti 14 dB lọ sí ibi tí kò lópin, kò wúlò fún ohunkóhun. Tí directivity bá jẹ́ 40 dB, ẹ máa wà láàárín nǹkan bí 19.2 sí 20.9. VNA máa ń fi ìṣirò tún coupler tí kò dáa ṣe, ditẹ́ktọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí kò ní phase, torí náà ẹ ná owó yín sórí coupler, ẹ má náwó sórí nǹkan míì.

Ó wá kù ibi tó lè dé nísàlẹ̀. Pẹ̀lú orísun tí agbára ẹ̀ wà ní àyíká 0 sí +5 dBm (mílíwáàtì 1 sí nǹkan bí 3), 50 dB ni mo máa ń gbára lé. Fílítà tó ń dí 60, ẹ ò ní rí i. Ohun tẹ́ ẹ lè sọ ni pé "ó ju 50 lọ," nígbà míì sì rèé, ìyẹn ti tó oníbàárà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ pé ẹ ń tẹ́sìtì igba fílítà tó rí bákan náà lójúmọ́, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mọ èyí tó yege àtèyí tó kùnà, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lo ohun míì.

Míksà pẹ̀lú spectrum analyzer

Tẹ́ ẹ bá ti ní spectrum analyzer (ẹ̀rọ tó ń fi agbára sígínà hàn ní fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan) tó ní ojú fún míksà òde, ọ̀nà yìí wà lábẹ́ ọwọ́ yín. Míksà náà máa ń fi harmonic (ìlọ́po) sígínà kékeré gbé fíríkúẹ́ńsì ńlá wálẹ̀ sí ibi tí analyzer lè kà á. Tẹ́ ẹ bá fi wé ditẹ́ktọ̀, èrè ẹ̀ tóbi: ó ń yan fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo, òkè èké tó dà mí láàmú ní 85 GHz yẹn ò ní yọ ọ́ lẹ́nu tó báyẹn, á fi 71 hàn níbi tí 71 wà. Ó tún ń rí nǹkan nísàlẹ̀ gan-an. Lóòótọ́ míksà irú èyí lè jẹ dB 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sígínà yín, àmọ́ ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dín RBW (fífẹ̀ fíríkúẹ́ńsì tí analyzer ń wò lẹ́ẹ̀kan) kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, ariwo á lọ sílẹ̀ ní 10 dB, ẹ kàn máa ní sùúrù ni torí ó máa lọ́ra. 60 dB tí fílítà ń dí, èmi rí i pẹ̀lú èyí.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé òun náà ní èké tiẹ̀. Harmonic púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú míksà, sígínà kan á wá máa yọ níbi méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lójú analyzer. Signal ID tó wà nínú analyzer ń ràn yín lọ́wọ́ láti ya sígínà gidi sọ́tọ̀ kúrò lára èké, ẹ máa lò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: HP 11970V parí sí 75 GHz, 11970W bẹ̀rẹ̀ láti 75 GHz. Fílítà mi bẹ̀rẹ̀ láti 71, ohun tó yẹ kó dí sì dé 86, torí náà ọ̀kan ò tó, méjèèjì ni. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ, flánjì WR-15, WR-12 àti WR-10 tóbi bákan náà lójú, ẹ lè fi bóòtù dè wọ́n pọ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ ihò wọn ò bára mu: 3.76, 3.10, 2.54 mm. Wọ́n á so pọ̀ rẹ́gírẹ́gí, nọ́ńbà á jáde, nọ́ńbà náà ò sì ní tọ̀nà. Taper, páìpù tí ihò ẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀n kan sí èkejì, ló yẹ kó wà láàárín wọn. Mo ti rí i tí èèyàn so ó láìsí taper tó wá ń dá míksà lẹ́bi.

VNA kékeré pẹ̀lú converter méjì

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí, mo mọ ìdí ẹ̀. LiteVNA ò wọ́n, díẹ̀ ló fi lé ní $100, ó sì dé 6.3 GHz. Ẹ ṣe LO (sígínà tí míksà fi ń gbé fíríkúẹ́ńsì lọ sókè tàbí wálẹ̀) kan ní 70 GHz, ẹ pín in sí méjì, ọ̀kan á gbé 1 sí 6 GHz ti LiteVNA lọ sí 71 sí 76, èkejì á gbé e padà wá. Torí pé LO kan náà ló gbé e lọ tó gbé e bọ̀, tí phase LO bá ń ṣe ségesège, méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Phase lówó pọ́ọ́kú nìyẹn, èyí tí ditẹ́ktọ̀ àti míksà tó ń dá ṣiṣẹ́ ò lè fún yín.

Ó máa ń dùn mọ́ èèyàn nínú, títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ kálíbréètì. Converter lásán ń mú apá méjì jáde: 71 sí 76 lápá òkè, 64 sí 69 lápá ìsàlẹ̀, méjèèjì sì ń padà wá di 1 sí 6 GHz kan náà. Tí fílítà bá wà láàárín, ó máa dí apá ìsàlẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá yọ fílítà kúrò kẹ́ ẹ lè kálíbréètì, apá méjèèjì á wọlé pa pọ̀, níbòmíì wọ́n á ti ara wọn lẹ́yìn, níbòmíì wọ́n á gbógun ti ara wọn, ìlà tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ á wá máa dà bí ayùn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá wá wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, ayùn yẹn ti wà nínú ẹ̀. Fílítà míì tó ń gé apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú converter yín títí lọ, àbí kẹ́ ẹ ra míksà tó ń dá apá kan mú. Ohun tó ń dí láti 81 sí 86 ńkọ́? LO míì nìyẹn o. Fún kíkọ́ iṣẹ́ ní yunifásítì, mo fọwọ́ sí i tọwọ́ tẹsẹ̀. Fún nọ́ńbà tí oníbàárà máa fi owó lé lórí, ẹ ṣọ́ra.

Six-port, ní ṣókí

Glenn Engen àti Cletus Hoer ní National Bureau of Standards ti Amẹ́ríkà ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ẹ má wá phase lọ, ẹ kàn ka agbára níbi mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi ìṣirò yọ phase jáde. Ìrònú tó rẹwà gan-an ni, ditẹ́ktọ̀ lásán ló sì ń lò. Kálíbréṣọ̀n ẹ̀ ló ń gba ọpọlọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe sensọ̀ kan tó máa dúró lójú kan ní fíríkúẹ́ńsì kan, ẹ wò ó. Fún fílítà mi, rárá.

Àwọn tó wà láàárín

Tọ́wọ́ yín bá ká a díẹ̀, ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n ti dín kù láti ilé iṣẹ́. CobaltFx ti Copper Mountain ń lo VNA 9 GHz lásán pẹ̀lú extender Farran, ẹ ò nílò láti ra VNA 20 GHz kẹ́ ẹ tó dé E-band. Anritsu náà ní ShockLine tí orí ẹ̀ kékeré bo 55 sí 92 GHz, ìyẹn gba gbogbo fílítà mi láti orí dé ẹsẹ̀. Fún antenna 28 GHz, mi ò ní í tiẹ̀ wo E-band: ShockLine MS46131A jẹ́ ẹlẹ́nu kan, ó ń lo USB, ó dé 43.5 GHz, ẹ sì lè so ó mọ́ ẹnu antenna tààràtà láìsí kébù rárá. Kébù tí kò sí ò lè mira. Tó bá sì jẹ́ 5G tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ní 3.5 GHz ni iṣẹ́ yín, mílímítà-wéèfù kọ́ nìyẹn, LiteVNA náà ti tó o.

Ibi tó yẹ kí owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ lọ

Sínú kálíbréṣọ̀n. Nínú waveguide, ẹ ò nílò kit olówó iyebíye. Short kan (irin tó dí ẹnu waveguide pa), load tó dáa kan, àti irin pẹlẹbẹ kan tó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì ti tó yín fún ohun tó ń dá padà. Ní WR-10, irin yẹn ò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ, ẹni tó mọ CNC dáadáa lè gbẹ́ ẹ, ẹ kàn rí i dájú pé ẹ fi micrometer wọ̀n ọ́n, torí gígùn tó jẹ́ gan-an lẹ máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ fi alcohol nu flánjì kẹ́ ẹ tó dè é, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ń fò káàkiri. Ẹ ra UPS. Multiplier àti extender gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí wọ́n tó dúró sójú kan, èmi máa ń fún wọn ní wákàtí kan, tí iná bá wá lọ láàárín, wákàtí yẹn ti lọ, kálíbréṣọ̀n náà ti lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó wọn iṣẹ́ ẹnikẹ́ni: ẹ so fílítà kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tú u, ẹ tún un so, ẹ tún un wọ̀n, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ sì to ìlà márààrún lé ara wọn. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni kẹ́ ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fún oníbàárà láti ọjọ́ náà lọ. Tèmi lórí ditẹ́ktọ̀ jẹ́ 0.3 dB, ìwé tí mo sì ń kọ fún oní-fílítà yìí báyìí, 1.2 dB, ó lè fi 0.3 lé, ó lè fi 0.3 dín, ni mo kọ síbẹ̀.